Ẹsẹ̀ Ọmọ Mákánjú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún

Tíṣà kíláàsì àwa àgbà ní kí kálukú wa máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí sínú ìwé kan, pé bí ọwọ́ bá ti ń rìn lójú ìwé ni yóò máa dẹ̀. Ó ní òun ò ní kà á. Mo bi í bóyá ó dá a lójú, torí èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà, kò sì sí ìkòkò kan tí kò ṣí wò nílé mi rí. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ẹfun kan pátákó, ó ní níbí o, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́. Mo ní kó má bínú. Nígbà tí a délé, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní kó dìde, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ ọmọ mi tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n ló ń bá mi wí níwájú àwọn àgbà mẹ́tàlá. Bí mo bá ń yangàn, mo ní ohun tí mo fi ń yangàn.

Baba Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò wá. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, kò sì pa kíláàsì jẹ rí. Nígbà tí a jáde, mo gba ilé rẹ̀ kọjá. Àṣé Mákánjú, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ti bímọ láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ọmọ náà dúró ti ìyá rẹ̀ nínú koríko gbígbẹ. Orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì wọ inú, wọ́n ń gbo ara wọn bíi ti ọmọdé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Bó bá gbé ọ̀kan, á fi kọ́ ìkejì, á ṣubú, á tún dìde.

Baba ní òun ti ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò wá fi òpin sí ìyà rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Etí ọmọ náà ni mo ń wò, ó gùn ju ojú rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ìyá ìyá Mákánjú ló gbé àpótí mi wọ àdúgbò yìí. Ọdún kọkànléláàádọ́ta rèé. Ọkọ mi ṣáájú, ó ń rìn bí ẹni tí kò mọ̀ wá, ojú ń tì í. Baba Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló di okùn mú, ọ̀dọ́kùnrin tó ń dé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí nígbà náà. Nígbà tí a dé kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi, ẹran náà dúró gbagidi, kò lọ, kò bọ̀. Ọkọ mi ní bóyá ó fẹ́ kí n padà sílé bàbá mi. Baba ní rárá, ìyàwó ló ń kí. Láti ọjọ́ náà, Ìyàwó ló ń pè mí. Ọkọ mi ti lọ, ọdún kẹsàn-án rèé, Ìyàwó náà ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ta ni kò gba ẹ̀yìn ìdílé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn wọ ibí? Bẹ́ẹ̀dì, àpò èédú, àga ilé ìwé, dígí ńlá tí Onígbàjámọ̀ gbé kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ni wọ́n wí, ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Mo lọ bá dókítà ẹran lónìí. Obìnrin gíga kan ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó tẹ̀ lé mi wá. Ó tẹ orúnkún ọmọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní egungun ìhà inú ló ń yára dàgbà, ti ìta ń fàlẹ̀. Bí òun bá fi ìṣó wẹ́wẹ́ àti wáyà dá èyí tó ń sáré dúró, ìkejì á lé e bá, ẹsẹ̀ á tọ́. Ṣùgbọ́n kí egungun tó gbó ni o. Bí oṣù kẹfà bá fi lè parí, òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ó dá owó lé e. Owó náà ju èyí tí wọ́n fi ń ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńlá méjì lọ. Baba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

A ò ka nǹkan kan ní kíláàsì lónìí. Mo dìde, mo ròyìn. Àwọn kan ní ká gbé agolo káàkiri ojúlé, ká máa tọrọ. Mo ní mi ò tọrọ rí láyé mi, mi ò ní fi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun ò tiẹ̀ ní agolo, àga tí wọ́n ń jókòó lé fárí nìkan ló kù lọ́wọ́ òun. Mo bi í bóyá àga náà ṣì dára. Ó ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé ìyàwó òun ní kí òun gbé e dà nù, òun sì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbé òun dà nù ná.

Ibẹ̀ ni àbá ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo wo kíláàsì yíká. Aránbàtà wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ wà níbẹ̀, èmi alágbàfọ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kí ogbó tó gbà á. Mo ní kí á mú un jáde. Ní gbogbo Àbámẹ́ta, níwájú kíláàsì, kí kálukú ṣe iṣẹ́ tó fi tọ́mọ. Ohun tó bá wu oníbàárà ni kó san, ẹsẹ̀ ọmọ Mákánjú ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ariwo sọ. Wọ́n fẹ́ máa pín ọjọ́ àti ibi ìjókòó, àfi bí Onígbàjámọ̀ ṣe nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi ni mo mọ iṣẹ́ yẹn jù níbí. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Baba nílé."

Gbogbo wa rọ́ lọ, Tíṣà ló kẹ́yìn. Baba jókòó lórí garawa tó dojú dé. Ó gbọ́ wa tán, ó bi wá pé ẹran tí kò ní lè fa kẹ̀kẹ́, kí ni kí èèyàn fi gbogbo wàhálà yìí ṣe. Onígbàjámọ̀ ní, "Ṣé ẹ̀yin ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ ni, Baba? A ò kúkú tíì pa yín."

Baba rẹ́rìn-ín, èyí dé ojú. Ó ní òun máa ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ lọ́la pé kó jókòó sílé rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Tíṣà kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: IṢẸ́ ỌWỌ́ ÀTIJỌ́, FÚN ẸSẸ̀ ỌMỌ MÁKÁNJÚ. Ó ní kí kálukú dà á kọ ní ìgbà ogún sórí bébà, ìyẹn ni iṣẹ́ òní. Lẹ́yìn náà la tú sójú pópó, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Mo dúró níwájú ti ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, mo ń kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Obìnrin kan tó ń kọjá bi mí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kà á fún un. Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí aago mẹ́sàn-án fi lù. A fi tapólì bo iwájú kíláàsì. Èédú ti wọ́n di ìlọ́po méjì, mo sì bá oníṣòwò rẹ̀ fà á títí ó fi fún mi ní ẹ̀kún ọwọ́ méjì lé e. Áyọ́ọ̀nù eléèédú mi, tí mo fi ń há ilẹ̀kùn láti ọjọ́ yìí wá, ni mo fi iyanrìn ha títí ó fi dán. Nígbà tí iná mú, tí mo wọ́n omi sára aṣọ àkọ́kọ́, tí èéfín rẹ̀ rú sí mi nímú, ó ku díẹ̀ kí n pe ọkọ mi pé kó wá bá mi ká a.

Ohun tí wọ́n ń kó wá kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí ni. Obìnrin kan gbé aṣọ ìyá rẹ̀ wá, ìyá náà ti kú, ó ní òun ò fẹ́ wọ̀ ọ́, òun kàn fẹ́ rí i kó nà. Mo yí ọrùn aṣọ náà padà, mo rí òwú: pupa méjì, búlúù kan. Èmi ni mo rán an síbẹ̀. Nígbà náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì òwú tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí aṣọ má baà ṣìlé. Mo sọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé, mo sọ iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, mo ní ìyá rẹ̀ máa ń gbàgbé ẹ̀gbà ọwọ́ sínú àpò aṣọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún wákàtí kan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrántí.

Lápá ibòmíì, ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ pá pátápátá jókòó sórí àga Onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ bi í pé kí ni kí òun gé. Ó ní kó sáà máa ṣí àlùmọ́gàjí náà, kó máa pa á dé lẹ́bàá etí òun, pé ìró yẹn ni òun wá gbọ́. Ó sì sanwó bí onírun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Apá mi ò gbé. Mo sùn títí oòrùn fi bá mi lórí ẹní. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Èrò pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Àwọn tó ti kó kúrò ládùúgbò láti ìgbà pípẹ́ ń bọ̀, olúkúlùkù ń wá ẹni tó máa bá a sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Aránbàtà ní òun ti rán àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún, òun sì ti gbọ́ ìtàn mọ́kàndínlógún. Baba mú Mákánjú àti ọmọ rẹ̀ wá fúngbà díẹ̀ kí àwọn èèyàn rí ohun tí owó wọn ń bá lọ. Ọmọ náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ojú ọ̀nà. Nígbà kejì, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Owó ti dé ìdajì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Dókítà wá fi igi pẹlẹbẹ tì í lẹ́sẹ̀, ó sì fi báńdéèjì wé e, kí orúnkún má baà bàjẹ́ sí i kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ó ní ojoojúmọ́ ni kí Baba máa tú u, kó máa fi mímọ́ pààrọ̀ èyí tó dọ̀tí. Báńdéèjì wọ́n bí ojú. Mo ní kí wọ́n má ra òmíràn, kí wọ́n máa kó èyí tó dọ̀tí fún mi. Ogójì ọdún ni mo fi fọ aṣọ àwọn adájọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ìyàwó. Kí ni fífọ báńdéèjì fi máa nira fún mi?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Owó pé. Ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Tíṣà kà á lójú gbogbo wa, ó sì kúnlẹ̀ kí wa níta gbangba, ó gbàgbé pé òun ni tíṣà. Dókítà ti mú ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé: gbogbo ẹni tó kọjá ló dúró wo báńdéèjì ọmọ náà. Funfun kinniwin, ibi tí mo ti ká a mú bí ojú ọ̀bẹ. Onígbàjámọ̀ ní ẹran náà múra ju òun lọ. Ẹnì kan bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tó fi dúró ṣánṣán báyìí. Mo ní àṣírí iṣẹ́ ni. Mo gbé orí sókè délé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Baba ní ọmọ náà ò mu ọmú dáadáa láti àná, ó sì ń tapá sí òun bí òun bá fẹ́ tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní bóyá eyín ló ń yọ. Ọṣẹ ìfọṣọ tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ọ̀la. Ó tú báńdéèjì. Lẹ́yìn orúnkún àti lókè pátákò, ara ti bó, ó ń ṣomi. Ó ní òun ò lè fi abẹ kan ẹsẹ̀ tó légbò, àfi kó jinná. Ó ní nǹkan kan ló ń gbo ó. Kó tó sọ ohun tó fura sí, Baba ti dáhùn. Ó ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi le. Mo ti ń di ẹrù láti kékeré, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan kó má fún."

Dókítà sọ fún un pé kó máa rọra. Ó tún wí pé kí oṣù yìí tó parí, bí egbò ò bá jinná, ká gbà pé ó tán.

Báńdéèjì tó tú sílẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo mú un. Kò ká. Ó dúró bí bébà.

Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Mi ò jáde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Bí mi ò bá kọ ọ́ síbí, mi ò ní lè sọ ọ́ níbòmíràn.

Sítáàṣì ni. Mo fi sítáàṣì sí báńdéèjì náà, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, bí mo ṣe ń ṣe gbogbo aṣọ funfun tó bá kọjá lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé iṣẹ́. Ẹnì kankan ò sọ fún mi pé kí n ṣe é. Ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀, ojú mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ní kó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé ni mo sọ di páálí. Ọmọ náà ń tapá, mo ní eyín ló ń yọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Èyí tó burú jù ni pé Baba gba ẹ̀bi náà níwájú mi, mo sì jẹ́ kó gbé e lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí ìyá ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe láyé ló ba ẹsẹ̀ ẹran náà jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo lọ sí kíláàsì. Nígbà tí Tíṣà bèèrè ẹni tó fẹ́ kàwé sókè, mo nawọ́. Ẹnu yà wọ́n, torí mi ò kà sókè rí níwájú wọn, mo máa ń ní ohùn mi há. Mo ṣí ìwé yìí, mo sì ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́rú. Láti "Sítáàṣì ni" títí dé ìparí. Mo kọsẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Tíṣà ò ràn mí lọ́wọ́ níbi kankan, ẹfun ti rún sí i lọ́wọ́.

Baba ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ lo fọ aṣọ tí a fi tẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi sílẹ̀. Sítáàṣì náà lo fi sí i, ó dúró bí aṣọ ẹni tó ń lọ bá ẹgbẹ́ pé. Mi ò lè bá ọwọ́ yẹn jà. Ẹni tó ń pọnmi ni agbè ń fọ́ mọ́ lọ́wọ́."

Mo rò pé ó ti tán. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n fi ọjọ́ mẹ́rin máa wo ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ olè. Ìyẹn ni mo máa bá ọ jà lé."

Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Nílé, ọmọ ọmọ mi bu omi gbígbóná sí abọ́, ó ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ń fi aṣọ nù mí lẹ́sẹ̀ ló ní kíkà mi dára, pé ibi tí mo ti dúró lójú àmì gbogbo ló péye.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ṣiṣẹ́ lónìí láìsí pé ó pọn dandan, torí owó ti pé. Wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ò lè lọ lásán mọ́. Èmi ò tan iná. Mo wà nínú ilé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo ń fi omi oníyọ̀ wẹ egbò. Baba kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Báńdéèjì tuntun ni mo fọ̀, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi di jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Mi ò fún omi rẹ̀, mi ò sá a sí oòrùn tó mú, mi ò lọ̀ ọ́. Ó wú, ó hun jọ, ojú rẹ̀ ò wu èèyàn wò rárá. Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi kí n tó fi wé ọmọ náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọmọ náà ti ń mu ọmú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rinrin ò jẹ́ kí egbò gbẹ. Mo ń ka ọjọ́: méjìlá ló kù. Mo rántí ìgbà tí ìyá ọmọ ọmọ mi ní egbò ní àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí ọkọ mi ń gbé e kọ́rùn lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ títí tó fi jinná, tí ọmọ náà sì ń dọ́gbọ́n tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọkọ mi mọ̀. Ó ní ọrùn òun ò tíì sú òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Dókítà fi ìka tẹ ojú egbò náà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Orí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà ẹran ni mo ti ń kọ èyí. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì funfun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn nù ún. Obìnrin kan gbé ológbò dání nínú agbọ̀n. Wọ́n ti gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ó sùn, wọ́n fi tábìlì onítáyà tì í wọlé. Mákánjú wà níta, wọ́n so ó mọ́ irin fèrèsé, ó ń ké.

Baba jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì kejì. Aago mẹ́wàá kọjá. Mọ́kànlá kọjá. Nígbà tí Mákánjú ké ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Baba dìde, ó wá jókòó tì mí. Kò wò mí. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun, Ìyàwó?"

Mo ní mi ò tíì jẹ. Ó bu búrẹ́dì sí méjì.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: dókítà jáde. Ó ní wáyà wà níbi tó yẹ kó wà. Ìyókù, egungun ló kù tó máa ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje

Dókítà fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó ti ń tọ́, ẹsẹ̀ òsì ju ọ̀tún lọ. Baba ti padà sí ẹ̀gbẹ́ mi ní kíláàsì, ó sì tún ti ń jí ìwé mi wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ

Wọ́n yọ ìṣó. Dókítà ní ẹsẹ̀ òsì tọ́ gbọnrangandan, ọ̀tún ṣì wọ inú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà. Ó ní yóò rìn, yóò sáré, yóò bímọ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹrù, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò láé.

Baba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń wo kẹ̀kẹ́ ẹrù tó bá kọjá. Ọjọ́ márùndínlọ́gọ́ta ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ti sọ fún mi rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Oòrùn ràn lẹ́yìn òjò. A wà lẹ́nu iṣẹ́ níwájú kíláàsì. Ilé tó ń ṣàánú àwọn ọmọ òrukàn la ń ṣe é fún báyìí, Onígbàjámọ̀ ló mú àbá wá, ó ní àga òun ò ní padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Baba mú Mákánjú kọjá, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e láìsí okùn, láìsí báńdéèjì. Gbogbo wa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó ń ka ilẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Nígbà tó dé ọ̀gangan wa, ẹyẹ kan fò lẹ́bàá rẹ̀. Ó ta sókè, ó sì sá. Kì í ṣe eré tó dára, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n eré ni. Ó sá dé òpin òpópónà. Mákánjú, tí a ò rí kó sáré láti ogún ọdún, gbá tẹ̀ lé e. Baba náà gbá tẹ̀ lé ìyá, ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú. Aránbàtà jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ọdún méje.

Ó pẹ́ kí Baba tó padà dé pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Ó fara ti tábìlì mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ náà dúró láàárín wa, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀. Baba fọwọ́ pa á lẹ́yìn, níbi tí wọ́n máa ń di ẹrù sí.

Ó ní, "Ìyàwó, gbogbo ìran rẹ̀ ló gbé nǹkan. Kí ni èyí máa wá máa gbé?"

Mo ní, "Ara rẹ̀ ni, Baba. Ẹ jẹ́ kó máa gbé ara rẹ̀."